Orí Káńtà Ni Ààbò Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àwọn èèyàn tí wọ́n ń fi ṣòwò láàárín wa: ọmọdé tí wọ́n mú kúrò lábúlé pé wọ́n fẹ́ rán níléèwé, tó wá di ẹni tí ń kiri ọjà láti òwúrọ̀ dalẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ òkè òkun tàn dé Líbíà tàbí Lẹ́bánónì, ọ̀dọ́kùnrin tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sápò ẹlòmíràn. A kò lè sọ pé ìjọba wa káwọ́ gbera. Ní ọdún 2001, Nàìjíríà tẹ́wọ́ gba àdéhùn Palermo, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lórí òwò yìí ní ọdún 2000. Ní 2003, wọ́n ṣe òfin tó bí NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, lẹ́yìn tí Títí Abubakar, ìyàwó igbákejì ààrẹ ìgbà náà, àti ẹgbẹ́ WOTCLEF tó dá sílẹ̀ ti pariwo ọ̀rọ̀ náà títí dé iwájú àwọn aṣòfin. Ní 2015, wọ́n ṣe òfin mìíràn tó rọ́pò ti àkọ́kọ́. Òfin wà, àjọ wà, ilé ẹjọ́ sì ti rán àwọn kan lẹ́wọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò ni pé gbogbo ètò yìí mọ bí a ṣe ń wá ọ̀daràn ju bó ṣe mọ bí a ṣe ń dá ẹni tí wọ́n ṣèkà fún mọ̀ lọ. Ẹni tí ìjọba kò bá sì dá mọ̀, kò sí bó ṣe lè dáàbò bò ó.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìdánimọ̀ yẹn ti ń ṣẹlẹ̀ ná. Ìkẹjà ni ọ́fíìsì NAPTIP fún agbègbè Èkó wà. Ọmọ tí wọ́n mú wá láti ọ̀nà jíjìn, tó bọ́ọ́lẹ̀ ní Adéníji Adélé níbi tí afárá Third Mainland ti sọ̀ sí Erékùṣù Èkó, tó ń ru ẹrù ní Ìdúmọ̀tà tàbí tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Jáńkárà, kò mọ Ìkẹjà, ó sì ṣeé ṣe kó má gbọ́ orúkọ NAPTIP rí. Àwọn tí yóò kọ́kọ́ rí i ni ọlọ́pàá téṣàn Adéníji Adélé, nọ́ọ̀sì ọsibítù àwọn ọmọdé ní Massey Street, tíṣà, ìyálọ́jà, onílé, awakọ̀ dánfó, àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń lé àwọn tó ń kiri lójú títì. Bí ẹni àkọ́kọ́ yìí bá rí olè, olè ni wọn yóò kọ sínú ìwé. Bó bá rí aṣẹ́wó, aṣẹ́wó ni wọn yóò kọ. Bó bá rí ọmọ tó rú òfin ìmọ́tótó ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí káńtà lọ́jọ́ yẹn ló ń pinnu bóyá àtìmọ́lé ni ọmọ náà ń lọ tàbí ilé ààbò, tàbí kí ẹni tó ń rẹ́ ẹ jẹ fúnra rẹ̀ wá, kó pe ara rẹ̀ ní àǹtí rẹ̀, kó gba béèlì rẹ̀, kó sì mú un padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kì í ṣe òní ni ìlú Èkó ti ń fi ìmúni rọ́pò ààbò. Ní àwọn ọdún 1940, ọkàn àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó kò balẹ̀ lórí àwọn ọmọdébìnrin tó ń kiri ọjà nígboro, tí àwọn ọkùnrin ń tipa bẹ́ẹ̀ tàn wọ́n. Lára àwọn obìnrin wọ̀nyí ni Oyinkan Abáyọ̀mí, ẹni tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ ní 1944. Ìjọba amúnisìn ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé àti èwe ní 1943, Donald Faulkner sì ni òyìnbó tó ń bójú tó ìgbáyégbádùn aráàlú ní Èkó nígbà náà. Nígbà tó di 1946, wọ́n fòfin de kíkiri ọjà fún ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún 14. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò burú rárá. Ṣùgbọ́n ìmúni ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà lọ́wọ́ ewu ló bá ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti níwájú adájọ́, inú àwọn ìyá ọlọ́jà kò sì dùn sí i, nítorí àtijẹ àtimu ilé wọn ni òfin náà ń kọlù. Bí ọkọ̀ ìjọba bá kó àwọn ọmọ lónìí ní Erékùṣù, tí wọ́n ka iye orí tí wọ́n kó, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ẹni tó gbé ọjà lé wọn lórí àti ẹni tó ń gba owó rẹ̀ nírọ̀lẹ́, àṣìṣe 1946 náà la tún ń ṣe.

Bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti lè burú tó, ẹjọ́ Hadijatou Mani Koraou ní orílẹ̀-èdè Niger fi hàn wá. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n tà á ní 240,000 owó CFA fún ọkùnrin kan, ọkùnrin náà sì fi ṣe ẹrú fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tó gba ìwé òmìnira tán, tó fẹ́ ẹni tó wù ú, ilé ẹjọ́ ìlú rẹ̀ ní ìyàwó olówó rẹ̀ àtijọ́ ló ṣì jẹ́, wọ́n sì dá a lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà pé ó fẹ́ ọkọ méjì. Bẹ́ẹ̀, òfin Niger ti sọ kíkó èèyàn lẹ́rú di ọ̀ràn ṣáájú ìgbà yẹn. Adájọ́ kò rí ẹrú tó bọ́ lóko ẹrú. Aya tó kọ ọkọ sílẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2008, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìjọba Niger kùnà láti dáàbò bo obìnrin yìí, wọ́n sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù mẹ́wàá owó CFA fún un. Ní Yúróòpù náà, ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2021, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà ní Strasbourg dá ìjọba Bìrìtéènì lẹ́bi lórí ọ̀dọ́mọdé méjì láti Vietnam tí wọ́n rí níbi tí àwọn kan ti ń gbin igbó. Wọ́n pe àwọn ọmọ náà lẹ́jọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn, nígbà tí àmì ti wà nílẹ̀ pé ẹni tí wọ́n fi ṣòwò ni wọ́n. Ìdájọ́ méjèèjì kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n. Abújá ni Ilé Ẹjọ́ ECOWAS fìdí kalẹ̀ sí, òfin wa ti 2015 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ ti ẹni tí wọ́n fi ṣòwò mọ́lé tàbí kí a pè é lẹ́jọ́ lórí ohun tí òwò náà sọ ọ́ dà. Kí ọ̀rọ̀ òfin yẹn tó lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti mọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá, pé ẹni tó dúró níwájú òun kì í ṣe ọ̀daràn.

Àwọn kan yóò ní àìlówó tàbí àìtó ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá wa ló ń fa àìdá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ẹ wo ẹjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí owó àti ẹ̀kọ́ kò ti jẹ́ ìṣòro. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 21 kan, tó ń tajà fóònù lójú títì ní Èkó, ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè yọ kíndìnrín rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́lá kan. Ó kọjá níwájú àwọn tó fún un ní físà, ó kọjá níwájú àwọn tó lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Royal Free Hospital, níbi tí wọ́n ti pè é ní mọ̀lẹ́bí ọmọbìnrin náà. Dókítà fura. Ó rí i pé ọ̀dọ́kùnrin náà kò mọ ewu tó rọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un, ó sì kọ̀, iṣẹ́ abẹ náà kò wáyé. Síbẹ̀, kíkọ̀ yẹn kò sọ ọ́ di ẹni tí ìjọba ń dáàbò bò. Àárín àwọn tó mú un wá ló padà sí, títí tó fi sá kúrò lọ́dọ̀ wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ téṣàn ọlọ́pàá ní Staines. Ní 2023, ilé ẹjọ́ Old Bailey dá Ike Ekweremadu, tó ti ṣe igbákejì ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wa, lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti dókítà mìíràn tó lọ́wọ́ nínú ètò náà; ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fún un. Ariwo ẹjọ́ náà pọ̀ nílé lóko nítorí ipò ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó ká mi lára jù nínú rẹ̀ ni yàrá dókítà: wọ́n fura níbẹ̀, wọ́n kọ iṣẹ́ abẹ, ọmọ náà sì tún jáde lọ bá àwọn tó ń ṣe é níkà. Ìfura tí kò ní ibi tí yóò lọ kì í gba ẹnikẹ́ni là.

A kò sì gbọdọ̀ retí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò kọ́kọ́ lanu. Gbèsè ni wọ́n fi dè é, tàbí ìbúra, tàbí àwòrán ìhòhò rẹ̀ tó wà nínú fóònù ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ní ohun tí yóò sọ bí ọlọ́pàá bá bi í. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Benin pe àwọn oníṣègùn àti aláwo jọ sí ààfin, ó tú ìbúra tí wọ́n ti fi de àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù, ó sì gégùn-ún fún àwọn tó bá tún dán irú rẹ̀ wò. Ohun tó yé ọba yìí yẹ kó yé ètò ìjọba: ẹ̀rù ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í dédé wọ téṣàn kó wí pé wọ́n fi òun ṣòwò. Òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ béèrè, ní kọ̀rọ̀, kí ẹni tó mú un wá má sí nítòsí, ní èdè tó gbọ́, ìbáà ṣe Ègùn, Haúsá tàbí Edo. Ìbéèrè náà kò sì le: ta ló mú ọ dé ibí, ọwọ́ ta ni owó iṣẹ́ rẹ ń lọ, ta ló jẹ ọ́ ní gbèsè tàbí ta lo jẹ ní gbèsè, ọwọ́ ta ni fóònù àti ìwé rẹ wà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá ní o fẹ́ lọ sílé lọ́la. Ìdáhùn márùn-ún sí ìbéèrè wọ̀nyí á sọ ju gbogbo ìwé ẹ̀sùn lọ.

Nígbà tí wọ́n bá dá a mọ̀ tán ńkọ́? Níhìn-ín ni mo ti ní àròyé tó pọ̀ jù. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi wọ́n ṣòwò ní Nàìjíríà. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé wọ́n kó àwọn kan sí ilé ààbò tí wọn kò lè dá jáde níbẹ̀ bó ti wù wọ́n, tí àwọn mìíràn sì wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Àwọn aláṣẹ lè sọ pé nítorí kí àwọn oníṣòwò má tún rí wọn mú ni. Fún ọmọdé, mo gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin ọlọ́dún 25 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ilé tí wọ́n ti tì í mọ́lé ní Tripoli, bí a bá tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní Nàìjíríà, kí ni a fẹ́ kó pe ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa àti àwọn tó tì í mọ́lé níbẹ̀? Ohun tó tún burú ni kí ìtọ́jú rẹ̀ rọ̀ mọ́ bóyá yóò jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Kì í ṣe pé mo kóyán ẹ̀rí kéré. Láìsí ẹlẹ́rìí, ọ̀daràn á lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá sì rí ìtọ́jú, tó sinmi, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ni ẹ̀rí rẹ̀ ń dúró níwájú agbẹjọ́rò. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ẹnu kò ní 2005 pé ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ ni kí wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó fi ronú kí wọ́n tó lé e lọ tàbí béèrè pé kó bá ìjọba ṣe ẹjọ́. Ó yẹ kí tiwa wà nínú òfin, kó má jẹ́ ojú rere ọ̀gá ilé ààbò.

Àtakò kan wà tí a kò lè fojú fò dá, pàápàá ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn kan á ní àṣà wa ni kí ọmọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, lọ́dọ̀ àǹtí, lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹnì kan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń wò ó. Ṣé ọlọ́pàá yóò wá máa kan gbogbo ilẹ̀kùn láti béèrè ọmọ ta lèyí? Rárá o. Àṣà àgbàtọ́ ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá di èèyàn ńlá, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni bú u. Ṣùgbọ́n àṣà yẹn ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ tí àwọn bàbá wa mọ̀: ọmọ tí a gbà tọ́ ń jẹun pẹ̀lú ọmọ ilé, ó ń kọ́ ohun tí ọmọ ilé ń kọ́, òbí rẹ̀ sì mọ ibi tó wà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ẹ́jẹ́ńtì mú wá láti Kútọnu tàbí láti Ìbàràpá, tí ẹ́jẹ́ńtì ń wá gba owó rẹ̀ lóṣooṣù, tí ọmọ ilé ń lọ síléèwé tí òun ń fọ aṣọ, ẹrú ni wọ́n fi ṣe, ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ àgbàtọ́ bò ó. Òfin 2015 sì ti pààlà: ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ti dá ọ̀ràn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì ní dín ní oṣù mẹ́fà.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ, ìwádìí ló sì gbé e dìde. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin tó lé ní 100 kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n dá wọn padà sí orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá láti agbègbè Zakpota. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Neil Howard lọ bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀, ó sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn mọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe kí wọ́n tó kúrò nílé. Wọ́n ń wá owó kẹ̀kẹ́, owó páànù ilé, àwọn mìíràn sì tún padà sídìí òkúta. Ṣé èyí wá fi hàn pé kò sí ẹni tí wọ́n fi ṣòwò níbẹ̀? Àdéhùn Palermo ti dáhùn: bó bá jẹ́ ọmọdé, pé ó gbà láti lọ kò mú ìrẹ́jẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo gba ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìwádìí náà tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ náà sọ́kọ̀ lọ sílé, ṣùgbọ́n ohun tó lé wọn kúrò nílé ṣì wà níbẹ̀ dè wọ́n. Ìdánimọ̀ tòótọ́ á bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i àti ohun tó fẹ́, á sì ya èyí tí wọ́n ń lù tí wọn kò sanwó fún sọ́tọ̀ kúrò lára ọlọ́dún 17 tó nílò iṣẹ́ tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nàìjíríà àti Benin fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2005. Ìtẹ̀lé lẹ́yìn tí ọmọ bá délé ló kù tí ó yẹ kí a fi kún un.

Ní ti àwọn tó ní èèyàn yóò máa purọ́ kí wọ́n lè rí ìtọ́jú gbà tàbí kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́, kò sí ètò tí onírọ́ kì í dé. Ìgbésẹ̀ méjì ni Bìrìtéènì gbà láti 2009: wọ́n kọ́kọ́ ń wò ó bóyá ìdí wà láti fura, ẹni náà á bọ́ sábẹ́ ààbò lójú ẹsẹ̀, ìwádìí kíkún á sì tẹ̀ lé e. Àléébù tiwọn ni pé ìwádìí kejì ń pẹ́ jù, àwọn míì ń dúró ju ọdún kan lọ. A lè mú ọgbọ́n inú rẹ̀, ká fi ìpẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó purọ́ gba oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àdánù rẹ̀ kéré sí ti ọmọ kan tí a dá padà fún ẹni tó ń tà á.

Owó ńkọ́? Bíbéèrè ìbéèrè ní kọ̀rọ̀ kò ná ìjọba ní nǹkan ńlá. Òfin 2015 ti dá àpò owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n fi ṣòwò, ó sì yẹ kí ohun ìní tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn máa wọ inú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007, ó sì ní àjọ tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ tí òfin 2021 gbé ró. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀: kí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn kan wà tí téṣàn Adéníji Adélé, àwọn ọsibítù Erékùṣù àti àwọn ìyálọ́jà mọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, tí ó lè dé láàárín wákàtí mélòó kan, tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tí ó sì láṣẹ láti sọ pé ẹni yìí kò gbọdọ̀ sùn sí àtìmọ́lé lónìí, wọn kò sì gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní béèlì rẹ̀ títí a ó fi mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island àti Lagos Island East, agbára yín ká èyí láìdúró de Abújá. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, 627 ni nọ́ńbà NAPTIP. Bí ẹ bá pè é, ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ sọ, ẹ má fi ẹ̀sùn tí kò dá yín lójú kan ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ yín, kí ẹ lè tún pè é lọ́la láti mọ ibi tí wọ́n bá a dé.